Linux àti Láptọ́ọ̀pù Olówó Pọ́ọ́kú: Ohun Tí Ìjà Ọdún 2007 Ń Kọ́ Ẹni Tó Ń Ra Ẹ̀rọ ní Ìlọrin Lónìí

Ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fòpin sí ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí àtúnṣe ààbò máa wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ ní láti forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ó gbé Windows 11 wọlé. Ṣùgbọ́n Windows 11, tó jáde ní ọdún 2021, kì í gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó ń béèrè fún ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni ó fọwọ́ sí. Ẹ̀rọ tó le bí òkúta, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní àná, di ẹ̀rọ tí olówó rẹ̀ sọ pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ènìyàn tó ìlú bíi Ìlọrin. Ìlú akẹ́kọ̀ọ́ ni. Yunifásítì Ìlọrin ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1975, Pólì Ìpínlẹ̀ Kwara dàgbà díẹ̀ jù ú lọ, Yunifásítì Al-Hikmah dé ní 2005, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara sì wà ní Màlété tí kò jìnnà láti 2009. Láti ọdún 2015 tí àjọ JAMB ti pa ìdánwò orí ìwé rẹ́ pátápátá, kọ̀ǹpútà ti di ẹnu-ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí ọ̀pọ̀ òbí lè rà fún ọmọ wọn lẹ́yìn tí ó bá wọlé tán, tòkunbọ̀ ni. Lára tòkunbọ̀ wọ̀nyí, àìmọye ni kò lè gba Windows 11 lọ́nà tó bófin mu.

Ìdí nìyí tí orúkọ Linux fi tún ń dún lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan rò pé nǹkan tuntun ni. Kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún ṣáájú ìgbà náà, Nàìjíríà gan-an ni pápá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá àgbáyé ti wọ̀yá ìjà lórí ìbéèrè kan náà: láptọ́ọ̀pù wo ni kí ọmọ tálákà lò, ètò wo ni kí ó wà nínú rẹ̀, ta sì ni yóò yàn án? Ìtàn náà tọ́ sí ìrántí, nítorí ohun tí ìjọba kò rí yanjú nígbà náà, ẹni tó ń ra ọjà ló ń yanjú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lónìí.

Ó dára kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí Linux jẹ́. Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà, ètò kan wà tó ń darí gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ: òun ló ń sọ fún ojú ẹ̀rọ ohun tí yóò gbé jáde, òun ló ń gba ohun tí ìka tẹ̀, òun ló ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ ẹ̀rọ. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, kéde pé òun ń kọ ọ̀kan tí yóò jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìgbà náà ni Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ti dá iṣẹ́ GNU sílẹ̀, tó sì ń jà pé ó yẹ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ láti rí inú ètò tó ń darí rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Ní 1992, Torvalds gbé iṣẹ́ tirẹ̀ sábẹ́ ìwé àṣẹ tí àwọn Stallman kọ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni lè gba Linux, kí ó ṣe àdàkọ rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ènìyàn, kò sì ní jí ohunkóhun.

Àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi ló ń di Linux bí ẹrù, tí wọ́n á fi àwọn ètò mìíràn kún un, tí wọ́n á sì fún un lórúkọ. Debian bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ubuntu jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2004 láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Inú èdè àwọn Zulu àti Xhosa ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Fún ọdún mélòó kan, wọ́n ń fi àwo CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, títí dé Áfíríkà, títí ètò náà fi parí ní 2011. Ní ilé wa níhìn-ín, láàárín ẹ̀wádún kan náà, ilé-iṣẹ́ Leapsoft gbé Wazobia Linux jáde, èyí tí wọ́n fẹ́ kí ó máa fi Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò bá aráàlú sọ̀rọ̀. Kò di ohun tí gbogbo ilé ń lò, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn ọmọ Nàìjíríà ti lóye rẹ̀ ní kùtùkùtù pé ètò tí a lè ṣí wò ni a lè fi èdè ara wa sí nínú.

Báwo ni kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà? Ọ̀nà méjì ni. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé: Zinox ti Leo Stan Ekeh tó gbéra ní 2001, àti Omatek ti Florence Seriki, tí àwọn méjèèjì ń to ẹ̀rọ pọ̀ níhìn-ín. Ní 2006, ìjọba àpapọ̀, Microsoft, Intel àti àwọn ilé-iṣẹ́ abẹ́lé jọ gbé ètò kan kalẹ̀ kí aráàlú lè máa fi owó díẹ̀díẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà kejì ni ti èbúté Èkó. Àwọn àpótí ẹrù ńlá ń dé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, kún fún kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ́fíìsì ti lò tì. Ojú pópó Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Abúlé Kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀, tí wọ́n ń tún wọn ṣe, tí àwọn oníṣòwò Ìlọrin, Ìbàdàn àti Òṣogbo sì ń kó wọn lọ sílé.

Ọ̀nà kejì yìí ní ẹ̀gbin tirẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network tó wà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ohun tí wọ́n rí ní Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 àpótí ẹrù kọ̀ǹpútà àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò sì sọ fún wọn pé apá tó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Orí ààtàn ni ìyókù ń lọ, tí wọ́n ń dáná sun ún, tí òjé àti májèlé mìíràn ń wọ inú ilẹ̀ àti inú afẹ́fẹ́. Ìgbà tó di 2011 ni ìjọba ṣe òfin ìlànà lórí àwọn ohun èlò oníná, tí àjọ NESREA ń mójú tó. Kí ẹni tó bá ń yin tòkunbọ̀ má gbàgbé èyí: ẹ̀rọ kan tó ṣeé lò lórí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ rẹ̀ kan wà lórí ààtàn.

Inú ipò yìí ni ọ̀gbẹ́ni Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, gbé àlá rẹ̀ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2005 ó kéde pé òun yóò ṣe láptọ́ọ̀pù tí owó rẹ̀ kò ní ju 100 dọ́là lọ, tí ìjọba yóò sì máa rà ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Bélú ọdún kan náà, òun àti Kofi Annan fi àwòṣe rẹ̀ han ayé ní Tunis. Ètò náà ni wọ́n pè ní One Laptop per Child, ìyẹn ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láptọ́ọ̀pù tirẹ̀. Linux ló wà nínú ẹ̀rọ aláwọ̀ ewé àti funfun náà, èyí tí wọ́n pè ní XO. Ìrántí rẹ̀ kò ju 256 mẹ́gábáìtì lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣeé kà nínú oòrùn gan-gan, iná díẹ̀ sì tó o. Ní 2006 ìròyìn kàn káàkiri pé Nàìjíríà, lábẹ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ti ṣèlérí láti ra mílíọ̀nù kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, ní Abuja, wọ́n kó nǹkan bí 300 fún àwọn ọmọdé láti fi dán an wò.

Owó ló kọ́kọ́ fi àlá náà ṣẹ̀sín. Nígbà tí XO fi jáde ní 2007, 188 dọ́là ni iye rẹ̀, kì í ṣe 100. Ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là nígbà náà, nǹkan bíi ₦125 sí dọ́là kan, èyí jẹ́ ₦23,500 lórí ọmọ kan ṣoṣo. Ìjọba sì ti yí padà: Ààrẹ Umaru Musa Yar’Adua gorí oyè ní oṣù Èbìbí ọdún yẹn, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, Igwe Aja-Nwachukwu, sì béèrè ní gbangba pé kí ni ìwúlò láptọ́ọ̀pù fún ọmọ tí kò rí àga jókòó lé ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìgbèríko rí mọ̀ pé kò purọ́. Mílíọ̀nù kan náà kò dé.

Kò pẹ́ tí ìjà kejì fi bẹ̀rẹ̀, èyí sì jọ ti àwọn ọmọ ìyá tó ń pín ogún. Ilé-iṣẹ́ Intel, tí XO kò lo ọpọlọ ẹ̀rọ rẹ̀, ti ṣe láptọ́ọ̀pù kékeré tirẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ó pè é ní Classmate. Ní 2007, ètò kan wà láti kó 17,000 Classmate wọ Nàìjíríà fún ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n gbà pé Linux rẹ̀ ni yóò wà nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ti tún Linux rẹ̀ rán kí ó lè bá ẹ̀rọ kékeré náà mu, ó ti gba àṣẹ ìrajà, ẹ̀rọ sì ti fẹ́ máa bọ̀. Lójijì ni ilé-iṣẹ́ TSC, tó ń bá Nàìjíríà ṣe agbátẹrù iṣẹ́ náà, sọ fún wọn pé àwọn yóò sanwó Linux o, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti dé, Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 2007, François Bancilhon tó jẹ́ ọ̀gá Mandriva kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó ń béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn oníbàárà òun tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Ìròyìn ìgbà náà fi hàn pé Microsoft àti TSC ń jíròrò àdéhùn ìpolówó kan tí iye rẹ̀ tó 400,000 dọ́là. Microsoft ní àwọn kò ṣe ohun tó lòdì sí òfin níbikíbi. Ohun tó tẹ̀lé e ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́: àjọ USPF ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 dá sílẹ̀, tí òun sì ń sanwó fún nǹkan bí 11,000 lára ẹ̀rọ náà, jáde sọ pé Linux tí àwọn yàn ni àwọn ṣì fẹ́. Olówó ẹrù ti sọ̀rọ̀. Ìwọ̀nba ìgbà ni àjọ ìjọba Nàìjíríà kan dìde lójú gbogbo ayé láti sọ pé àwọn mọ ohun tí àwọn ń rà, tí àwọn sì mọ ìdí rẹ̀.

Láàárín oṣù kan náà, ìjà kẹta tún ṣẹlẹ̀, èyí sì kan Yorùbá ní tààrà. Adé Oyègbọ́lá àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, LANCOR, ti ṣe kíbọ́ọ̀dù kan tí wọ́n ń pè ní Konyin, tí ènìyàn fi lè tẹ àmì ohùn àti àmì ìdí-ọ̀rọ̀ àwọn èdè Nàìjíríà láìsí wàhálà. Wọ́n pe One Laptop per Child lẹ́jọ́ ní Èkó, wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi sí XO ti Nàìjíríà jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí wọ́n jí wò. 20 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n béèrè. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kọ ẹ̀sùn náà. Ohun yòówù tí ènìyàn lè rò nípa ẹjọ́ yẹn, ó gbé òtítọ́ kan síta: bí ọmọ Yorùbá yóò ṣe tẹ “ọ̀wọ̀” àti “ọwọ́” kí wọ́n má di ọ̀kan náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, owó sì wà níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i tó dá sílẹ̀ ń ṣe làálàá lórí ìbéèrè kan náà ní tiwọn.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, kí ló kù? Intel ti wọ ìgbìmọ̀ One Laptop per Child ní oṣù Agẹmọ 2007, ó sì kúrò níbẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2008. Uruguay ra ẹ̀rọ náà fún gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Peru ra èyí tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ìwádìí tí Báńkì Ìdàgbàsókè Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé èsì ìṣirò àti ti èdè àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn àgbà sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣò ó. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ẹ̀rọ tí wọ́n wọ̀n fún ọmọ láìwọn olùkọ́ rẹ̀, láìwọn iná ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, láìwọn ẹni tí yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni.

Síbẹ̀ àlá náà kò ṣòfò. Ó fi han àwọn oníṣòwò pé ọjà wà fún ẹ̀rọ kékeré. Ní ìparí 2007 kan náà, ASUS ti Taiwan gbé Eee PC jáde pẹ̀lú Linux nínú, ayé sì ya bò ó. Ní oṣù Èbìbí ọdún yẹn ni Dell bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tí Ubuntu ti wà nínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, àwọn ìjọba yí sí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ kalẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2013. Yunifásítì Ìlọrin náà pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Láti 2022, ètò KwaraLEARN ti ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq ń gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ọpọ́n Ìmọ̀ lo Android, Linux sì ni ìpìlẹ̀ Android. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Linux kò wọ ilé rẹ̀ rí, tí fóònù Android wà lápò rẹ̀, ó ti ń lò ó láìmọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n tì pa kí ọmọ lè ka ìwé nínú rẹ̀ kò jọ ẹ̀rọ tí ọmọ lè ṣí, kí ó kọ ètò tirẹ̀, kí ó bà á jẹ́, kí ó sì tún un ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ tí wọ́n ń tún un ṣe ni oníṣẹ́ ti ń jáde.

Ẹni tó wá ṣẹ́gun nínú gbogbo ìjà yìí ni oníṣòwò tòkunbọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Àwọn ọ́fíìsì ńlá ní ilẹ̀ òkèèrè máa ń pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù òṣìṣẹ́ wọn lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni wọ́n: ThinkPad tí IBM bẹ̀rẹ̀ ní 1992 tí Lenovo sì gbà ní 2005, Latitude ti Dell, EliteBook ti HP. Wọ́n ṣe wọ́n kí ó le, kí ó ṣeé tú, kí ẹ̀yà rẹ̀ ṣeé pààrọ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí náà ni àwọn tó ń kọ Linux fúnra wọn ń lò jù, nítorí náà ohun tí Linux nílò láti bá wọn sọ̀rọ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tó bá Linux mu, tí Negroponte ń wá kiri lágbàáyé, inú àpótí ẹrù àlòkù ni ó gbà dé Ìlọrin.

Iye owó náírà sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà di kàn-ń-pá. Ṣáájú oṣù Òkúdù 2023, nǹkan bíi ₦460 ni ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ 200 dọ́là tí ì bá jẹ́ ₦92,000 di ₦300,000, èyí tó ju owó oṣù mẹ́rin òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦70,000 tí òfin fi lélẹ̀ ní 2024. Ìjọba àpapọ̀ ní kí mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ kọ́ṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ètò 3MTT. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní Tanke tàbí Gáà-Àkànbí gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò fi kọ́ ọ. Bí ó bá ra ẹ̀rọ tí kò yẹ, kò ní òmíràn.

Kí wá ni ìtàn yìí ń kọ́ ẹni tó fẹ́ rajà? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èkíní ni pé kí ó ra ìran ẹ̀rọ, kí ó má ra ẹwà. ThinkPad T470 tàbí EliteBook 840 G3 tí Windows 11 kọ̀ sílẹ̀ lágbára ju ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun olówó kékeré lọ, kíkọ̀ tí Windows 11 kọ̀ wọ́n sì lè jẹ́ ohun tí yóò mú owó wọn wálẹ̀. Ìrántí 8 gígábáìtì àti ibi ìpamọ́ SSD ṣe pàtàkì ju ìran ọpọlọ ẹ̀rọ lọ fún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ méjèèjì tí a dárúkọ yìí, ènìyàn lè fi méjèèjì kún un lẹ́yìn ọ̀la bí owó bá wọlé.

Èkejì ni Wi-Fi. Ti Intel sábà máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ti Broadcom àti àwọn kan lára Realtek lè fa wàhálà, ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kò sì lè gba ohun tí yóò fi tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe. Ẹ̀yà àwòrán Nvidia náà ń fẹ́ sùúrù. Ẹni tí kì í ṣe eré fídíò tàbí iṣẹ́ àwòrán ńlá kò nílò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ṣe kókó jù, òun sì ni agbára tí Linux fún oníbàárà tí Windows kò fún un. Kí ó gbé Linux Mint tàbí Ubuntu sórí fíláàṣì, kí ó gbé fíláàṣì náà dé ìsọ̀, kí ó sì fi tan ẹ̀rọ náà níwájú oníṣòwò kí ó tó sanwó. Linux yóò ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Kí ó wá yẹ Wi-Fi wò, ohùn, kámẹ́rà, gbogbo bọ́tìnnì, ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ, kí ó pa ẹ̀rọ náà dé kí ó sì ṣí i padà wò bóyá yóò jí. Linux yóò tún fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun àti èyí tó kù nínú rẹ̀ hàn án. Ìṣẹ́jú ogún tó fún gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà kan bá sì ti ẹ̀rọ náà pa láti ìpilẹ̀, tí kò jẹ́ kí ó tan láti orí fíláàṣì, ẹ̀rọ ọ́fíìsì tí wọn kò tú sílẹ̀ dáadáa ni. Kí oníbàárà fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni èdè. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú ọ̀pọ̀ Linux, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, láìsanwó kankan. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lọ sílé-ẹjọ́ ní 2007 ti di ohun tí ènìyàn ń yàn nínú àkọsílẹ̀.

Òtítọ́ kò ní ká má sọ apá kejì. Linux kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Oníṣirò owó tí ètò ọ́fíìsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ àfi lórí Windows, ayàwòrán tó ń lo Photoshop, akẹ́kọ̀ọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó fi AutoCAD yàwòrán ilé, wàhálà ni wọn yóò rà. LibreOffice ń ṣí ìwé Word, ṣùgbọ́n ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lè kọ̀. Ẹni tó ń lo Windows ayédèrú tí kò sanwó lè rò pé òun ti ní ọ̀fẹ́ tòun náà. Àmọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ní ihò tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé, kò sì sí ẹni tí yóò ké sí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ àṣekágbá ọdún mẹ́rin bá pòórá.

Àríyànjiyàn tó wà láàárín Bancilhon àti Ballmer ní 2007 kò dá lórí ètò wo ló sàn jù. Ó dá lórí ẹni tó ní àṣẹ láti yàn. Ní ìgbà yẹn, àjọ kan tó sanwó fún ẹrù rẹ̀ sọ pé òun ti yàn. Lónìí, kò sí lẹ́tà ìta-gbangba, kò sí mínísítà, kò sí Negroponte. Òbí kan ló dúró ní ìsọ̀ tòkunbọ̀ pẹ̀lú owó tó fi oṣù mẹ́rin kó jọ, ọmọ rẹ̀ sì dúró tì í. Bí ìjọba Kwara, àwọn yunifásítì àti àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bá fẹ́ ran irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kò di dandan kí wọ́n ra mílíọ̀nù láptọ́ọ̀pù. Kí wọ́n máa fi ìwé gbàgede sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò, kí wọ́n máa kọ́ àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe ní bí a ṣe ń gbé Linux wọlé, kí wọ́n sì gba iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi LibreOffice ṣe láìfi ojú burúkú wò ó. Owó rẹ̀ kò tó ti àpótí tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Fíláàṣì kékeré kan lápò ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe lè gba òbí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí kò yẹ.